Báwo làwọn Gíríìkì tó wà l'Amẹ́ríkà ṣe rí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì mú lórí ọ̀rọ̀ Kípírù?

Arìnnàkò

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ìbéèrè kan ti ń yọ mí lẹ́nu láti bí ọjọ́ mélòó kan, tó bá gùn díẹ̀ ẹ bá mi fara dà á. Mò ń kàwé lórí ogun Kípírù ni, erékùṣù tí àwọn Gíríìkì àti àwọn ọmọ Tọ́kì jọ ń gbé, Kípírù tí Bíbélì sọ pé Bánábà ti wá yẹn náà ni. Ní oṣù keje ọdún 1974, àwọn ológun tó ń ṣèjọba ní Gíríìsì lẹ̀dí àpò pọ̀ mọ́ àwọn ṣọ́jà kan níbẹ̀, wọ́n lé bíṣọ́ọ̀bù àgbà Makarios tó jẹ́ ààrẹ kúrò lórí àga, ọ̀sẹ̀ yẹn ò tíì parí tí Tọ́kì fi kó ọmọ ogun dé, wọ́n ní àwọn wá gba àwọn èèyàn àwọn tó ń gbébẹ̀ sílẹ̀. Lóṣù kẹjọ wọ́n tún ṣígun lẹ́ẹ̀kejì, ìgbà tí wọ́n á fi dúró, ó ti lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta erékùṣù náà tó ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́, àwọn Gíríìkì tó ń gbé apá àríwá sì sá lọ sí gúúsù, nǹkan bí 160,000 èèyàn.

Ibi tó ti wá rú mi lójú nìyí o. Ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ni Tọ́kì àti Amẹ́ríkà nígbà yẹn. Wọ́n jọ wà nínú NATO, ẹgbẹ́ ológun Amẹ́ríkà àti àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, Tọ́kì ló bá Soviet pààlà, àwọn ẹ̀rọ tí Amẹ́ríkà fi ń ṣọ́ Soviet wà ní ilẹ̀ Tọ́kì níbẹ̀. Kissinger tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kan Tọ́kì rárá, Ààrẹ Ford náà ò fẹ́, Pentagon, iléeṣẹ́ ológun wọn, ò fẹ́. Síbẹ̀síbẹ̀, February 5, 1975, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn, sọ pé Amẹ́ríkà ò gbọ́dọ̀ tà tàbí kó fún Tọ́kì ní ohun ìjà mọ́, ó sì rí bẹ́ẹ̀.

Gbogbo ibi tí mo kà á sí ni wọ́n ti ń sọ pé lọ́bì àwọn Gíríìkì, ìyẹn àwọn tó ń rọ àwọn aṣòfin kí wọ́n ṣe tiwọn, ló fà á. Ẹ jọ̀ọ́, báwo? Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ Amẹ́ríkà ẹ ò lè rí Gíríìkì kan ṣoṣo yọ. Àwọn tó ń ta kọfí àti ẹyin díndín ní diner, ilé oúnjẹ kéékèèké, káàkiri, ṣé àwọn yẹn ló wá da nǹkan rú mọ́ Kissinger lọ́wọ́ ni? Ṣé owó ni wọ́n ná ni àbí ṣọ́ọ̀ṣì wọn ló ṣe é? Ṣé òfin tiẹ̀ gbà pé kí ọmọ Amẹ́ríkà máa jà fún ìlú míì nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin?

Tíṣà Àgbà

Ìbéèrè tó dáa nìyẹn, àbúrò. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò kọjá nínú ìtàn yìí ni pé àwọn Gíríìkì yẹn ò lọ bá Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì pé "ẹ gba ilẹ̀ bàbá wa fún wa". Ká ní ohun tí wọ́n sọ nìyẹn, wọn ì bá fún wọn ní kọfí mu, kí wọ́n bá wọn kẹ́dùn, kí wọ́n sì ní kí wọ́n máa lọ'lé. Ohun tí wọ́n sọ ni pé "ẹ tẹ̀lé òfin tẹ́yin fúnra yín fọwọ́ ara yín kọ". Òfin ìrànwọ́ fún ilẹ̀ òkèèrè ti 1961 àti òfin títa ohun ìjà ti 1968 sọ ọ́ gbangba pé orílẹ̀-èdè tó bá gba ohun ìjà lọ́wọ́ Amẹ́ríkà, kó fi dáàbò bo ara ẹ̀ ni, tó bá ti fi kọjá ààlà lọ jà ní ibi tí kò kàn án, kò lẹ́tọ̀ọ́ sí òmíràn mọ́. Ohun ìjà Amẹ́ríkà sì ni Tọ́kì kó wọ Kípírù, gbogbo ayé ló rí i. Nítorí náà Kissinger ló wá di ẹni tó ń bẹ Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì pé kí wọ́n jọ̀ọ́ fojú fo òfin, àwọn Gíríìkì sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ òfin. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà!

Ẹni tó gbá ọ̀rọ̀ yẹn mú dáadáa ni Eugene Rossides. Brooklyn ni wọ́n bí i sí, Kípírù ni bàbá ẹ̀ ti wá, ó jẹ́ gbajúmọ̀ nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ní Columbia kó tó di lọ́yà, ó sì di ipò ńlá mú nílé iṣẹ́ ìṣúná lábẹ́ Ààrẹ Nixon. Ẹgbẹ́ Republican ló wà o, ẹgbẹ́ Ford gan-an. Lóṣù kẹjọ 1974 tí iná ṣì ń jó lọ́hùn-ún ló dá American Hellenic Institute sílẹ̀ ní Washington, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì ń tẹnu mọ́ títí ó fi kú ní 2020: òfin, òfin, òfin.

Nínú Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, èèyàn mẹ́rin ló gbé e sórí. John Brademas ti Indiana, bàbá ẹ̀ ni Gíríìkì, òun ni ọmọ Gíríìkì àkọ́kọ́ tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà tó wọ Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì. Paul Sarbanes ti Maryland, ọmọ àwọn tó wá láti Laconia, ilé oúnjẹ làwọn òbí ẹ̀ ní nílùú Salisbury. Ẹ wá gbọ́ àwọn méjì tó kù: Ben Rosenthal ti Queens, Júù ni, òun ló ń darí ìgbìmọ̀ kékeré tó ń rí sí ọ̀rọ̀ Yúróòpù, àti Sẹ́nétọ̀ Thomas Eagleton ti Missouri tó jẹ́ Kátólíìkì, tí kò ní ẹ̀jẹ̀ Gíríìkì kankan lára. Eagleton yìí náà ló gbé àbá tó ní kí bọ́ǹbù dáwọ́ dúró ní Cambodia ní 1973. Tirẹ̀ ni pé kí ààrẹ má máa ṣe bó ṣe wù ú, Kípírù kàn bọ́ sí àárín ìjà tó ti ń jà tẹ́lẹ̀ ni. Ìyẹn gan-an ló dun Kissinger, torí kò lè sọ pé "àwọn Gíríìkì lásán nìyẹn".

Ford fọwọ́ rọ́ àbá pé kí wọ́n má fún Tọ́kì ní ohun ìjà mọ́ sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ díẹ̀ lóṣù kẹwàá 1974. Wọ́n wá gbà pé kí wọ́n fún un láyè díẹ̀ kó fi bá Tọ́kì sọ̀rọ̀, wọ́n sún un sí oṣù kejìlá, wọ́n tún sún un sí oṣù kejì, Tọ́kì ò yẹ̀ níbi tó wà, ni òfin bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ní ti ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ò lè sọ ìtàn yìí láìdárúkọ Archbishop Iakovos. Òun ni olórí Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì Gíríìkì ní gbogbo Amẹ́ríkà àríwá àti gúúsù láti 1959 títí di 1996. Erékùṣù Imbros tó wà lábẹ́ Tọ́kì ni wọ́n bí i sí, nítorí náà kò sẹ́ni tó máa kọ́ ọ ní ohun tó ń jẹ́ ìnira. Àwọn Amẹ́ríkà sì ti mọ ojú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, torí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Martin Luther King ní Selma ní 1965 nígbà tí wọ́n ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, fọ́tò àwọn méjèèjì wà níwájú ìwé ìròyìn Life. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó bá kọ lẹ́tà sí White House, wọ́n á kà á.

Màmá Dámi

Ẹ kú àlàyé o, Tíṣà. Èmi ò mọ tìwé púpọ̀ ṣùgbọ́n mo bá Gíríìkì kan ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan ní Astoria, Queens, nílé oúnjẹ rẹ̀, bàbá àgbà ni nígbà yẹn, ó sì fẹ́ràn àti máa sọ ìtàn 1974 tí ọjà bá ti rọlẹ̀ lọ́sàn-án. Lẹ́yìn kàńtà níbi tí owó wà, fọ́tò kékeré kan wà níbẹ̀, ọmọkùnrin kan tí irun kún orí ẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Mo rò pé ọmọ rẹ̀ ni. Ó ní rárá, àbúrò ìyàwó òun ni, ṣọ́jà ni ní Kípírù, látọdún yẹn wọn ò rí i wọn ò rí òkú ẹ̀. Mo wá lọ kà á lẹ́yìn náà pé ìgbìmọ̀ tó ń wá àwọn tó sọnù ní orúkọ 1,510 Gíríìkì àti 492 ọmọ Tọ́kì lọ́wọ́, torí àwọn ọmọ Tọ́kì tó ń gbé ibẹ̀ náà ò ṣàì jìyà, pàápàá láti 1963 wá, ẹ má jẹ́ ká fi ti ẹnì kan bo ti ẹnì kejì.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ní àwọn ṣe é. Lọ́jọ́ ìsinmi lẹ́yìn ìsìn, gbogbo wọn á sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lọ mu kọfí bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Tábìlì kan wá wà lẹ́nu ọ̀nà báyìí, bébà, báírò àti àpòòwé wà lórí ẹ̀, wọ́n sì lẹ orúkọ àwọn aṣòfin àdúgbò àti àdírẹ́sì ọ́fíìsì wọn mọ́ ògiri. Ẹni tó bá fẹ́ mu kọfí á kọ lẹ́tà kó tó kọjá! Ó ní àlùfáà wọn ò gbà kí wọ́n da lẹ́tà kan náà kọ, ó ní àwọn akọ̀wé tó ń tú lẹ́tà ní Washington máa mọ̀, kí kálukú kọ ti ẹnu rẹ̀. Àwọn tí kò lè kọ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ wọn tó wà nílé ìwé ló ń bá wọn kọ ọ́. Ìyàwó ọ̀gá mi ní ẹyọ ìlà méjì péré ni tòun, pé àbúrò òun wà níbẹ̀, pé òun fẹ́ mọ̀ bóyá ìbọn tí owó orí òun rà ni wọ́n fi yìn ín.

Ẹ wá wo ti diner tí Arìnnàkò fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn. Ibo ni olóṣèlú ti ń bọ èèyàn lọ́wọ́ nígbà ìbò? Ibi tí èèyàn ti ń jẹun láàárọ̀ ni. Ẹni tó ni diner mọ aṣòfin àdúgbò, ó mọ olórí ọlọ́pàá, ó mọ olùdarí ilé ìwé, ó mọ irú ẹyin tí kálukú wọn ń jẹ. Tí ó bá wá sọ lọ́jọ́ kan pé "ọ̀gá, mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ bá yín sọ", kò sóhun tí wọ́n á ṣe ju kí wọ́n gbọ́ ọ lọ, àbí kí wọ́n lọ jẹun níbòmíì. Torí pé kì í ṣe New York nìkan ni wọ́n wà, ìlú kéékèèké pẹ̀lú ní àárín Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún, wàá bá Gíríìkì kan tó ní ilé oúnjẹ níbẹ̀. Àwọn olówó wọn sì dáwó ìbò o, mi ò ní parọ́, ṣùgbọ́n olówó wà lọ́dọ̀ gbogbo èèyàn.

Ajàmáwẹ̀yìn

Ẹ jẹ́ ká rọra ṣe o. Ìtàn yìí dùn lẹ́nu àwọn Gíríìkì, ó sì tún dùn lẹ́nu Kissinger, torí ó fẹ́ kí gbogbo ayé gbà pé àwọn lọ́bì ló ba ètò òun jẹ́, pé òun ò ṣe àṣìṣe kankan. Èmi ò gbà pé lọ́bì nìkan ló ṣe é, kódà mi ò gbà pé òun ló ṣe èyí tó pọ̀ jù.

Ẹ wo ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. August 9, 1974 ni Nixon kọ̀wé fipò sílẹ̀ nítorí Watergate, ìwà màgòmágó tó tú mọ́ ọn lọ́wọ́. August 14 ni Tọ́kì ṣígun ẹlẹ́ẹ̀kejì. Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ẹ̀jẹ̀ ààrẹ kan ni, ogun Vietnam ti sú wọn, irọ́ ti sú wọn, ìdìbò ń bọ̀ lóṣù kọkànlá, kò sí ohun tí wọn ò ní gbé tó bá ti lè fi han aráàlú pé àwọn ti kó ìjánu sí ẹnu White House. Ẹ tún fi ti ọpíọ́mù kún un. Tọ́kì ti bá Nixon ṣàdéhùn ní 1971 pé àwọn ò ní gbin òdòdó tí wọ́n fi ń ṣe heroin mọ́, wọ́n wá dà á rú ní July 1, 1974, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ogun tó dé! Àwọn aṣòfin tí heroin ń pa ọmọ àdúgbò wọn, ṣé wọ́n nílò Gíríìkì kó tó di pé wọ́n bínú sí Tọ́kì ni?

Ohun kejì tí ẹnikẹ́ni ò sọ níbí. Láti 1967 sí 1974 tí àwọn ọ̀gágun ń fojú àwọn èèyàn Gíríìsì rí màbo, tí wọ́n ń ti wọn mọ́lé tí wọ́n ń lù wọ́n, ibo ni lọ́bì yìí wà? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn olórí wọn l'Amẹ́ríkà dákẹ́ ni, àwọn míì tiẹ̀ ń bá àwọn ọ̀gágun yẹn jẹ wọ́n ń bá wọn mu. Spiro Agnew tó jẹ́ igbákejì ààrẹ, ọmọ Gíríìkì, ó lọ kí àwọn ọ̀gágun yẹn ní 1971, ó sì yà sí Gargalianoi tó jẹ́ ìlú bàbá ẹ̀, wọ́n ń jó wọ́n ń yọ̀. Àwọn díẹ̀ bíi Brademas ló lòdì sí wọn látìbẹ̀rẹ̀, àti oníròyìn Elias Demetracopoulos tó sá wá sí Washington, ojú ọ̀tá sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn tirẹ̀ fi wò ó. Àwọn ọ̀gágun tí wọ́n dákẹ́ fún yìí náà ló dìtẹ̀ sí Makarios tí Tọ́kì fi rí ọ̀nà wọlé. Nítorí náà tí ẹ bá ń pàtẹ́wọ́ fún wọn, ẹ fi ọwọ́ kan pàtẹ́ ẹ.

Ẹ̀kẹta, kí ni wọ́n rí gbà gan-an? Ní July 1975 ilé aṣojú ṣì dúró lórí òfin yẹn, 223 sí 206, Tọ́kì sì gba àwọn ibùdó ológun Amẹ́ríkà tó wà lọ́dọ̀ wọn lọ́wọ́ wọn lójú ẹsẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹwàá ọdún yẹn, wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀. Carter fi ọ̀rọ̀ Kípírù wá ìbò àwọn Gíríìkì ní 1976, ó dé'bẹ̀ tán, òun náà ló tún ń tẹ Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì lọ́rùn ní 1978 pé kí wọ́n fagi lé gbogbo ẹ̀. 208 sí 205 ni wọ́n fi gbà á nílé aṣojú. Ṣọ́jà Tọ́kì ṣì wà ní Kípírù lónìí.

Tíṣà Àgbà

Ajàmáwẹ̀yìn, mo gbà fún ẹ lórí ti àwọn ọ̀gágun, ojú tì wọ́n ló yẹ kó jẹ́. Watergate náà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìbínú Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ò mọ ibi tí yóò gbà fúnra ẹ̀. Inú Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì lè bàjẹ́ sí ààrẹ lórí ọgọ́rùn-ún nǹkan, ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ gbé ìwé wá pé "èyí ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, abala òfin náà nìyí, ẹni tó máa dìbò lòdì sí i ní àdúgbò ẹ̀ nìyí". Iṣẹ́ lọ́bì nìyẹn.

Àti pé 208 sí 205 yẹn, ìbò mẹ́ta péré, ààrẹ fúnra ẹ̀ ń tẹ fóònù káàkiri, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i mú. Kí wọ́n tó gbà, wọ́n fi ohun kan kún òfin náà: kí ààrẹ máa kọ ìròyìn fún Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ní gbogbo ọgọ́ta ọjọ́ nípa ibi tí ọ̀rọ̀ Kípírù dé. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tó wá di àṣà fún ọdún gbọọrọ ni méje-sí-mẹ́wàá: dọ́là mẹ́wàá tí wọ́n bá fún Tọ́kì láti fi ra ohun ìjà, wọ́n gbọ́dọ̀ fún Gíríìsì ní méje. Kò sí nínú ìwé òfin kankan bíi nọ́ńbà, àwọn aṣòfin kàn ń gé owó náà bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún ni, Reagan ò fẹ́ ẹ, Bush ò fẹ́ ẹ, wọ́n sì ń gé e bẹ́ẹ̀. Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ kí Arìnnàkò wò dáadáa, ju ti 1975 lọ.

Arìnnàkò

Mo dúpẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Màmá Dámi, ẹ forí jì mí, mi ò fi diner ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́ 😂. Ti òfin wá ńkọ́? Ṣé wọn ò lè pè wọ́n ní aṣojú ìlú òkèèrè ni?

Lọ́yà Kékeré

Bọ̀dá Arìnnàkò, ibi tí ọwọ́ mi tó rèé. Òfin kan wà tí wọ́n ń pè ní FARA, 1938 ni wọ́n ṣe é, torí àwọn tó ń bá Hitler polongo ní Amẹ́ríkà. Ohun tó sọ ni pé ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ àṣẹ tàbí lórí ìbéèrè ìjọba ilẹ̀ òkèèrè, tàbí tó ń gba owó wọn láti yí ọkàn ìjọba Amẹ́ríkà padà, kò lòdì sófin, ṣùgbọ́n kó lọ forúkọ sílẹ̀ nílé iṣẹ́ ìdájọ́, kó sọ iye tó gbà àti ẹni tó bá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Amẹ́ríkà tó fúnra ẹ̀ gbà pé Tọ́kì ò ṣe dáadáa, tó kọ lẹ́tà, tó lọ rí aṣòfin rẹ̀, tó dáwó jọ pẹ̀lú ará ṣọ́ọ̀ṣì láti ya ọ́fíìsì ní Washington, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ló ń lò. Àtúnṣe àkọ́kọ́ sí òfin ìpìlẹ̀ wọn sọ ọ́ láti 1791 pé aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé ẹ̀dùn ọkàn wọn lọ síwájú ìjọba. Kò sì sọ pé ẹ̀dùn ọkàn náà ò gbọdọ̀ jẹ́ nípa ìlú bàbá ẹ.

Ẹ wá wo apá kejì kẹ́ ẹ lè rí ìyàtọ̀ ẹ̀. Tọ́kì ò ní irú èèyàn tó fọ́n káàkiri Amẹ́ríkà bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn, ohun tí wọ́n wá ń ṣe ni pé wọ́n ń san owó fún àwọn tó mọ inú ilé aṣòfin dáadáa. Bob Livingston tó ti jẹ́ aṣòfin ńlá nínú ẹgbẹ́ Republican ṣiṣẹ́ fún wọn fọ́dún gbọọrọ, Dick Gephardt tó ti jẹ́ olórí àwọn Democrat nílé aṣojú náà ṣe é, wọ́n forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ FARA, kò sí ìjà. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ òfurufú ogun náà ń bá wọn sọ ọ́ láìgbowó lọ́wọ́ Tọ́kì, torí ta ló fẹ́ kí oníbàárà tó ń ra nǹkan ńlá bẹ́ẹ̀ bínú lọ? Ìgbà tí wàhálà dé ni ti Michael Flynn, tó di olùdámọ̀ràn Ààrẹ Trump lórí ọ̀rọ̀ ààbò, tó ṣiṣẹ́ tó ṣe Tọ́kì láǹfààní ní 2016, tí kò forúkọ sílẹ̀ títí wọ́n fi lé e kúrò ní White House, oṣù kẹta 2017 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ pé iṣẹ́ náà tó $530,000.

Torí náà èmi ò rí i bí ohun ìtìjú pé àwọn Gíríìkì ní lọ́bì. Ohun tí mo máa ń wò ni pé ta ló ń sanwó, ta ló sì ń paṣẹ. Níbi tó ti lè rú lójú ni tí àwọn olórí ẹgbẹ́ bá ń lọ bá mínísítà ní Athens, olú ìlú Gíríìsì, tàbí Nicosia, olú ìlú Kípírù, ṣèpàdé, tí wọ́n padà dé tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sì wá dà bí ti mínísítà. Ààlà ibẹ̀ tín-ín-rín o.

Ọmọ Halsted

Chicago ni mò ń gbé, Greektown ò jìnnà sí mi, ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un. Chicago níbí ni Andrew Athens tó jẹ́ oníṣòwò irin ti dá United Hellenic American Congress sílẹ̀ ní 1975, òun àti Iakovos ni wọ́n jọ ń gbé e. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó dàgbà jù ni AHEPA, 1922 ní Atlanta. Ẹ ò ní gbàgbọ́ ìdí tí wọ́n fi dá a sílẹ̀: Ku Klux Klan, ẹgbẹ́ aláwọ̀ funfun tó kórìíra àjèjì, ló ń dààmú wọn, wọ́n ń da ìyà bo ìsọ̀ wọn, ẹni tó bá wọ ilé oúnjẹ Gíríìkì wọ́n á halẹ̀ mọ́ ọn. Ní 1909 àwọn jàǹdùkú ti dáná sun àdúgbò wọn ní South Omaha, wọ́n lé gbogbo wọn kúrò ní ìlú. Òfin àwọn àjèjì ti 1924 sì wá dín iye Gíríìkì tó lè wọ Amẹ́ríkà kù sí 100 lọ́dún. Torí náà iṣẹ́ AHEPA nígbà yẹn ni bí wọ́n á ṣe fi hàn pé ọmọ Amẹ́ríkà làwọn, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣèpàdé. Àádọ́ta ọdún tí wọ́n fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ Amẹ́ríkà yẹn ni wọ́n wá kó jáde lọ́dún 1974, kò kàn já bọ́ láti ọ̀run.

Ẹ má sì rò pé gbogbo ìgbà ló ń já sí i fún wọn. Ti Makedóníà, ẹ wò ó, orílẹ̀-èdè tó bá Gíríìsì pààlà, tí Gíríìsì ò fẹ́ kó máa jẹ́ orúkọ yẹn. Ní oṣù kejì 1994 Clinton gbà pé orílẹ̀-èdè kékeré yẹn ti dá dúró, àwọn olórí Gíríìkì Amẹ́ríkà lọ bá a ní White House oṣù tó tẹ̀lé e, wọn ò gbé aṣojú lọ síbẹ̀ títí Gíríìsì àti àwọn èèyàn yẹn fi ṣàdéhùn ní 1995. Wọ́n ní àwọn ti borí. Ní 2004, ìdìbò ààrẹ wáyé ní November 2, November 4 ni ìjọba Bush kéde pé Republic of Makedóníà làwọn á máa pè é báyìí. Ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn tí wọ́n ka ìbò tán! Ẹ rò ó fúnra yín.

Àwọn fúnra wọn náà ń jà o. Ní 2021 Archbishop Elpidophoros tó wà níbẹ̀ báyìí lọ síbi tí Erdogan, ààrẹ Tọ́kì, ti ń ṣí ilé gogoro Tọ́kì ní New York, ariwo ta láti ibí dé Athens, olórí Gíríìsì àti ti Kípírù fagi lé ìpàdé tí wọ́n fẹ́ bá a ṣe. Àwọn kan ní ọ̀dàlẹ̀ ni, àwọn kan ní pátíríákì, olórí ṣọ́ọ̀ṣì tó rán an níṣẹ́, ń gbé Istanbul, lábẹ́ Tọ́kì, kí ló fẹ́ kó ṣe? Ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà Halki tí wọ́n tì pa láti 1971 ni wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ṣí, kò sì sẹ́ni tó ń bínú sí onílé tó lè rí i ṣí.

Lóde òní ọgbọ́n wọn ti yàtọ̀. Wọ́n ti fọwọ́ wọ́wọ́ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ Júù àti àwọn ará Àméníà. Òfin oṣù kejìlá 2019 tó ṣí títa ohun ìjà fún Kípírù, èyí tí wọ́n ti tì láti 1987, Menendez àti Rubio ló gbé e wá, Gíríìkì kọ́ làwọn méjèèjì. Nígbà tí Mitsotakis, olórí ìjọba Gíríìsì, bá Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì sọ̀rọ̀ ní May 2022, ó ní kí wọ́n ronú dáadáa kí wọ́n tó ta ohun ìjà sí apá ìlà oòrùn Mẹditaréníà, gbogbo ilé dìde pàtẹ́wọ́, Erdogan ní òun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ Mitsotakis mọ́. Síbẹ̀, Tọ́kì rí àyè ra ọkọ̀ òfurufú ogun F-16 ní January 2024 lẹ́yìn tí wọ́n gbà kí Sweden wọ NATO. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n gbà kí Gíríìsì ra ọkọ̀ òfurufú ogun F-35, tó tó ogójì.

Ajàmáwẹ̀yìn

Ẹ ti ṣẹ̀ṣẹ̀ gbè mí lẹ́sẹ̀ ni Ọmọ Halsted. Sweden ló ṣí F-16, kì í ṣe lọ́bì, kò sì sí lọ́bì tó lè tì í. Kí Amẹ́ríkà tó fún Gíríìsì ní F-35, ẹ wo ibùdó ọkọ̀ ojú omi wọn ní Souda, Crete, ẹ wo èbúté Alexandroupoli tí wọ́n ń gbà kó ohun ìjà lọ sí Ukraine. Ilẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Tíṣà Àgbà

Souda wà níbẹ̀ ní 1974 náà, Kissinger sì mú Tọ́kì. Méjèèjì tí wọ́n fún lọ́jọ́ kan náà yẹn, níbo lo rò pé wọ́n ti kọ́ ọ? Méje-sí-mẹ́wàá ni.

Ajàmáwẹ̀yìn

Ọ̀gbẹ́ni Tíṣà, ẹ fi mí sílẹ̀ jàre 😂. Mo gbà fún yín lórí méje-sí-mẹ́wàá nìkan.